Ojú, Etí, Ẹnu àti Ọwọ́ nínú Ìwé Kíkà: Àríwísí Ìlànà Kan

Ó ṣọ̀wọ́n lóde òní kí a ṣí ìwé ìlànà fún olùkọ́ kí a má bá a níbẹ̀ pé kí olùkọ́ máa lo ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ ọmọ papọ̀ nígbà tí ó bá ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ìmọ̀ràn náà dára. Èmi pẹ̀lú ti sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rere tí a kò tú wò a máa di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, gẹ́gẹ́ bí oògùn tí gbogbo ilé mọ orúkọ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Mo fẹ́ tú ìlànà náà wò láti orísun rẹ̀, kí n sọ ibi tí agbára rẹ̀ wà àti ibi tí a ti ń ṣì í lò, pàápàá nínú ẹ̀kọ́ àfikún tí olùkọ́ ń ṣe fún ọmọ kan tàbí méjì tí ìwé kíkà ṣòro fún. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ. Ọmọ tí orí rẹ̀ yá yóò kàwé bí olùkọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń tòògbé. Orí èyí tí a ti ń pè ní olódo láti kíláàsì kejì ni àṣìṣe wa máa ń já lé.

Èrò mi kò pamọ́. Agbára ìlànà yìí kò sí nínú pípọ̀ àwọn ẹ̀yà ara tí a pè sí iṣẹ́. Inú ìsopọ̀ wọn ni ó wà. Ohun kan ṣoṣo ni ojú gbọ́dọ̀ máa wò, ohun kan náà ni kí etí máa gbọ́, òun ni kí ẹnu máa pè, òun náà ni kí ọwọ́ máa fà, ní àkókò kan náà. Bí ojú bá ń wo ọ̀tọ̀, tí etí ń gbọ́ ọ̀tọ̀, tí ọwọ́ sì ń ṣeré tirẹ̀, ariwo ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn, irú èyí tí àwa alábẹ̀wò ilé-ìwé máa ń rí. Olùkọ́ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní gb. Ó gbé igbá gidi wá. Ó fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́ta ya àwòrán igbá náà sára pátákó. Àwọn ọmọ kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jó yí igbá ká. Inú gbogbo wọn dùn, inú àlejò wọn náà dùn. Lẹ́yìn èyí ni a kọ gba, gbe, gbo sára pátákó, a sì ní kí wọ́n kà á. Àwọn kan pe g lọ́tọ̀, wọ́n pe b lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn ń wo ẹnu olùkọ́ bóyá yóò ta wọ́n lólobó. Kí ni ó fà á? Ojú wọn wà lára igbá, kò sí lára lẹ́tà. Ọwọ́ wọn ń pàtẹ́, kò fa gb rí. Etí wọn gbọ́ orin tí gb fara pamọ́ sínú rẹ̀ láàárín ogún ìró mìíràn. Igbá ni wọ́n kọ́, wọn kò kọ́ gb. Wọ́n sì ti mọ igbá kí wọ́n tó wá sí ilé-ìwé.

N kò bá orin jà, n kò sì bá àwòrán jà. Wọ́n ń mú ọmọ jókòó, wọ́n ń mú kí ó fẹ́ràn ilé-ìwé, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a fi wọ́n sí ipò tí kì í ṣe tiwọn.

Àwọn tí ó dá ìlànà náà sílẹ̀ kò ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Jean Itard gba ọmọ kan tí a rí nínú igbó Aveyron sọ́dọ̀, ó sì fi nǹkan bí ọdún márùn-ún gbìyànjú láti kọ́ ọ. Victor ni ó sọ ọmọ náà. Victor kò mọ ọ̀rọ̀ sọ títí, ṣùgbọ́n àwọn ohun èlò tí Itard lò fún un kò parun, lẹ́tà tí a lè fi ọwọ́ gbé sì wà nínú wọn. Édouard Séguin, tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Itard, mú iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú láàárín àwọn ọmọ tí làákàyè wọn kò jí pérépéré. Ìwé àwọn méjèèjì ni Maria Montessori, obìnrin oníṣègùn ará Ítálì, kà tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ túmọ̀ sí èdè rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1907 ni ó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù.

Ẹ wo ohun tí ó ṣe. Ó gé lẹ́tà láti inú sáńpépà, irú èyí tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí dídán. Ọmọ a fi ìka méjì tọ ipa lẹ́tà náà bí ẹni tí ń kọ ọ́. Bí ìka bá ti ń lọ, olùkọ́ a pe ìró rẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ọmọ a sì pè é tẹ̀ lé e. Bí ìka bá yà kúrò lójú ọ̀nà, orí páálí dídán ni yóò bọ́ sí, ọmọ fúnra rẹ̀ a sì mọ̀ pé òun ti ṣìnà kí olùkọ́ tó lanu. Kì í ṣe kí ẹ̀kọ́ lè dùn ni obìnrin yìí ṣe lo sáńpépà. Ó lò ó kí ìka ọmọ lè máa kọ́ ọ, kí ó sì máa dá a lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ Montessori wà lára pátákó ẹnu-ọ̀nà ilé-ìwé púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni mo sì ti bá lẹ́tà sáńpépà rẹ̀ lórí àpótí gíga, nínú ọ̀rá, kí ọwọ́ ọmọ má baà bà á jẹ́.

Ní Amẹ́ríkà ni ìlànà náà ti di ti ẹ̀kọ́ àfikún ní tòótọ́. Ní 1925, Samuel Orton, oníṣègùn ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ Iowa, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ojú wọn ríran, tí etí wọn gbọ́ràn, tí làákàyè wọn pé, tí wọn kò sì lè kàwé. Àlàyé tí ó ṣe nípa ohun tí ó fà á nínú ọpọlọ kò dúró lójú ìwádìí àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti là á yé àwọn olùkọ́ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀dẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ, ìyẹn sì dúró di òní. Anna Gillingham àti Bessie Stillman, àwọn olùkọ́ méjì ní New York, ni ó sọ èrò rẹ̀ di ìwé iṣẹ́ ní àárín àwọn ọdún 1930. Ìró kan àti lẹ́tà tí ó dúró fún un ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rí káàdì, ó pe ìró. Ó gbọ́ ìró, ó dárúkọ lẹ́tà. Ó kọ lẹ́tà náà, ó sì ń pè é bí ó ti ń kọ ọ́. Wọn kì í fo ìgbésẹ̀: ìró tí a kò tíì kọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ yọjú nínú ọ̀rọ̀ tí a ní kí ó kà.

Grace Fernald gba ọ̀nà mìíràn. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì tí ó wà ní Los Angeles ní 1921, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1943. Odindi ọ̀rọ̀ ni tirẹ̀. Ọmọ a yan ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kọ sínú ìtàn rẹ̀, olùkọ́ a kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé, ọmọ a sì fi ìka tọ ọ́, a máa pe apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ bí ìka ti ń dé ibẹ̀, títí yóò fi lè kọ ọ́ láìwò ó mọ́.

Mo fẹ́ràn Fernald nítorí pé ohun tí ọmọ fẹ́ sọ ni ó fi ń kọ́ ọmọ. Fún Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń kọ ọ̀rọ̀ ní ọ̀nà kan tí a sì ń pè é ní ọ̀nà mìíràn, mo tilẹ̀ rí ìdí tí ènìyàn fi lè gbé odindi ọ̀rọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ti Gillingham àti Stillman ni ó bá èdè wa mu jù. Bí ọmọ bá mọ ba àti ta dájú, yóò ka bàtà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá rí i, bí ó bá ti mọ ohùn rẹ̀. Ẹni tí a kọ́ ní bàtà bí àwòrán kan ṣoṣo, bàtà nìkan ni ó ní. Àtúnṣe kan ni èmi yóò ṣe sí iṣẹ́ wọn. Kí a má ṣe pẹ́ lórí b nìkan àti a nìkan; sílébù ni kí a tètè dé, nítorí sílébù ni ọmọ Yorùbá ń gbọ́, òun ni ìlù ń lù, orí rẹ̀ sì ni ohùn ń gùn.

Kí a má sì ṣe sọ ju ohun tí ìwádìí fi hàn lọ. Ní 2021, Elizabeth Stevens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwádìí lórí ìlànà Orton àti Gillingham jọ, wọ́n sì rí i pé èrè díẹ̀ hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó ju àwọn ìlànà mìíràn lọ. Àwọn tí ń ta ìlànà náà bí àgbo gbogboǹṣe kò ní fẹ́ gbọ́ èyí. Ní ìhà kejì, Florence Bara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn ní 2004 pé àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n fi ìka tọ ipa lẹ́tà pẹ̀lú ojú àti etí lóye bí lẹ́tà ti ń dúró fún ìró ju àwọn tí wọ́n lo ojú àti etí nìkan lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Marieke Longcamp àti àwọn tirẹ̀ rí i pé láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ nínú wọn dá lẹ́tà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ mọ̀ ju èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lọ. Mo ka àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí papọ̀, ohun tí mo sì rí nínú wọn ni pé ọwọ́ ń ran ojú lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ bá ń tọ ipa lẹ́tà gan-an. Títẹ bọ́tìnì àti pípàtẹ́wọ́ kì í ṣe títọ ipa.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí a máa ń ṣì mú fún èyí. Wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Neil Fleming ti ilẹ̀ New Zealand, tí òun náà ti ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé rí (iṣẹ́ wa a máa bí èrò, rere àti búburú), kọ̀wé pẹ̀lú Colleen Mills ní 1992 láti pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹni tí ń fi ojú kọ́, ẹni tí ń fi etí kọ́, ẹni tí ń fi ìwé kọ́, àti ẹni tí ń fi ìṣe kọ́. Èrò náà tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn mẹ́ta mìíràn yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò, wọn kò sì rí ẹ̀rí tí ó tó pé ọmọ ń jèrè bí a bá fi irú ẹ̀yà kan tí a ní ó jẹ́ tirẹ̀ kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ àkókò lásán ni ó ń fi ṣòfò, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ àfikún. Olùkọ́ á ní, “Etí ni ọmọ yìí fi ń kọ́ ẹ̀kọ́,” a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ìwé sí ọmọ náà létí. Ọmọ dákẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó ń dáhùn ìbéèrè dáadáa. Ọdún yí po, kò tíì kàwé. Ẹni tí ó nílò ìwé jù lọ ni a gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fi orúkọ dídùn bo olè náà mọ́lẹ̀.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ bí a ti ń so ojú mọ́ ọwọ́. Ọmọ awo a fi ìka tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n, a sì dárúkọ odù náà bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ àyàn a há ìlù sí abíyá. Bí ó bá fún un, ohùn a gòkè, bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a sọ̀. Apá àti etí rẹ̀ ń kọ́ ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ kéwú, ní Ìlọrin tàbí ní Kánò: tàdáwà wà lórí wàláà, ìka rẹ̀ ń tọ́ka, ẹnu rẹ̀ ń ké e, a kì í sì fọ wàláà náà títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ìsopọ̀ tí mo ń wí nìyí, láìsí owó òkè òkun nínú rẹ̀. Síbẹ̀ àléébù kan wà nínú kéwú tí a kò gbọdọ̀ fi ojú fò: ọmọ lè ké súrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, nítorí etí rẹ̀ kò bá èdè náà dàgbà.

Àléébù yìí kan náà ni a ń gbé wọ ilé-ìwé nígbà tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà fún ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gillingham kò ní láti rò ó, nítorí èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ nílé ni ó ń kọ́ wọn láti kà. Bí ọmọ bá pe ìró mẹ́ta jọ, etí rẹ̀ a sọ fún un pé ọ̀rọ̀ gidi ni tàbí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀. Níbi tí etí kò ti mọ̀, okùn kan ti já nínú ìsopọ̀ náà. Nínú iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́, kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nígbà náà, ibo gan-an ni kí ọwọ́ ọmọ lo agbára rẹ̀ sí nínú Yorùbá? Kì í ṣe ibi tí ìwé àwọn Amẹ́ríkà fi í sí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ káàdì wọn jẹ́ ti ìró kan tí a ń kọ ní ọ̀nà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Lẹ́tà tiwa kì í sábà tan ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ìnira tiwa wà nínú gb, nínú àmì abẹ́ lẹ́tà, àti jù lọ nínú àmì ohùn.

Fún gb, kí a fún ọmọ ní dígí. Bí ó bá pe ga, ètè rẹ̀ kò ní pàdé; bí ó bá pe ba, yóò pàdé; bí ó bá pe gba, ètè yóò pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n yóò sì kan òkè ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà méjì, ìró kan: kí a lẹ méjèèjì mọ́ páálí kan, kí ìka má sì dúró láàárín wọn. Fún ẹ àti ọ, mo ti rí olùkọ́ kan tí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ yanrìn mọ́ páálí ní ìrísí e, tí ó sì lẹ ẹyọ àgbàdo kan mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ìka ọmọ ń tọ yanrìn, ẹnu rẹ̀ ń pe e. Bí ìka bá kan àgbàdo, ẹnu a là sí i, ó di ẹ. Ọmọ tí ó ti fi ìka kan àgbàdo yẹn kì í tètè gbàgbé àmì abẹ́ nígbà tí ó bá gbé pẹ́ńsùlù.

Ọ̀rọ̀ ohùn ni ó gba sùúrù. Igbá, igba, ìgbà, igbà, ìgbá: lẹ́tà kan náà, ọ̀rọ̀ márùn-ún. Ọmọ mọ gbogbo wọn létí. Kò sí ọmọ tí a ní kí ó gbé igbá wá tí yóò gbé igbà ọlọ́pẹ wá. Ojú ni kò mọ̀ wọ́n. Àmì ohùn wa sì ní oore kan tí àwọn olùkọ́ kì í sábà tọ́ka sí: bí a ti ń kọ ọ́ láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, àmì ohùn òkè ń gun òkè, àmì ohùn ìsàlẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà kí ọmọ na ọwọ́ síwájú ní ìwọ̀n àyà. Bí ó bá pe igbá, ọwọ́ a dúró, lẹ́yìn náà a gun òkè. Bí ó bá pe igbà, a dúró, lẹ́yìn náà a sọ̀. Bí ó bá pe ìgbà, a sọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó fi ẹnu kùn ún láìpe lẹ́tà, bí ìlù. Kí ó wá fi ìka fa irú ìrìn kan náà sórí yanrìn, kí ó tó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sórí lẹ́tà. Níbí ni igbá gidi ti wúlò: kí a gbé igbá àti igbà sórí tábìlì, kí olùkọ́ kọ ọ̀kan sílẹ̀ láìpè é, kí ọmọ wo àmì, kí ó sì mú èyí tí àmì náà sọ. Ohun kan náà ni ojú, ọwọ́ àti ẹnu ń lépa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Ìgbò lè ṣe é pẹ̀lú ákwá, ákwà, àkwá àti àkwà, nítorí ìwé Ìgbò náà kì í sábà fi àmì ohùn sí.

Olùkọ́ tí kò fi àmì sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ sára pátákó kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Mo sọ ọ́ tìṣọ́ratìṣọ́ra, nítorí wọ́n pọ̀.

A máa ń bi mí bóyá èyí ṣeé ṣe nínú kíláàsì ọgọ́ta ọmọ. Kò ṣeé ṣe bí a ti ń ṣe é fún ẹyọ ọmọ kan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àgbàlá tó fún ọgọ́ta ìka, ọmọ méjì-méjì sì lè máa ṣọ́ ara wọn.

Ohun tí àwọn ìwé ìlànà kì í tẹnu mọ́ tó ni ìgbà tí ó yẹ kí ọwọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Fernald mọ̀ ọ́n: ó ní ìpele tí ọmọ ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ó ní èyí tí ọmọ ń wò ó tí ó sì ń kọ ọ́ láìtọ ọ́, ó sì ní èyí tí ojú nìkan ti tó. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ń gbé ọwọ́ sókè sódò nínú ìdánwò, tí àkókò sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ó tó. Nínú ẹ̀kọ́ àfikún, kí olùkọ́ máa yọ ẹ̀yà kan lẹ́yìn òmíràn láti dán ọmọ wò. Lọ́jọ́ kìíní, kí ọmọ dijú, kí ó fi ìka nìkan mọ lẹ́tà. Lọ́jọ́ kejì, kí ó gbọ́ ìró, kí ó kọ ọ́ láìrí páálí. Lọ́jọ́ kẹta, kí ó ka á láàárín ọ̀rọ̀ tí kò rí rí, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí itan. Bí ó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a gbé páálí náà kúrò nílẹ̀, kí a mú òmíràn. Bí kò bá yege, kí olùkọ́ wo ibi tí okùn ti já, yálà lọ́dọ̀ ojú ni tàbí lọ́dọ̀ etí, kí ó sì padà sí ibẹ̀ nìkan.